Igbó Tí Kọ́púrà Òkè Gbìn Sínú Yàrá

Bí wọ́n bá dárúkọ Kọ́púrà Ikúbọlájẹ́ Òkè ní Agbowó ní Ìbàdàn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọ̀rọ̀ àpò irun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ Yunifásítì ló ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Jésùlọlá gẹrun tán, ó lọ, ó rántí pé òun gbàgbé fóònù, ó padà. Ó bá Kọ́púrà lórí ìkúnlẹ̀. Kò gbá irun ilẹ̀ dànù. Ó ń ṣà á sínú àpò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Àpò náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣàlàyé ìyẹn fún.

Jésùlọlá figbe ta. Kó tó mí, èrò ti kún ojú ọ̀nà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá pa ẹ̀rọ. Gbogbo ọkùnrin tó ti jókòó lórí àga yẹn rí gbé ọwọ́ lérí. Ẹnì kan ní abájọ tí ọjà òun ò fi tà mọ́. Òmíràn ní abájọ tí wọn ò fi fún òun ní fisà. Ẹni tó pariwo jù ni ọkùnrin apárí kan tó ń tún fíríìjì ṣe.

"Àti ìgbà tí mo ti ń wá sọ́dọ̀ bàbá yìí ni irun mi ò ti hù mọ́!"

Kọ́púrà wò ó. "Ìwọ? Irùngbọ̀n lo máa ń wá gẹ̀. Orí rẹ ti pá kí n tó mọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ já, wọ́n gbé e mì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín.

"Bàbá, kí lẹ ń fi irun wa ṣe?"

"Koríko."

"Koríko kẹ̀?"

"Koríko ni mo wí. Ẹ wọlé wá wò ó. Ẹ bọ́ bàtà."

Ẹnì kan ti gbé táyà dání, ìṣáná sì wà lápò rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà.

Wọ́n wọ yàrá. Igbó ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ara ògiri kejì. Gbòǹgbò igi ló fi ṣe igi, kàn-ìn-kàn-ìn tó tú palẹ̀ ló fi ṣe ìtàkùn. Odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Gíláàsì fèrèsé tó kùn lọ́dà lábẹ́ ni. Àwọn ṣọ́jà wà nínú igbó náà, kò sí èyí tó ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀kan ń bọ́ bàtà. Ọ̀kan ń họ ẹ̀yìn. Méjì ń jà lórí agolo ẹja. Koríko tó dé wọn lórúnkún ni irun orí Agbowó, tó ti kùn ní àwọ̀ ewé.

Àlàájì Suhail Àjàgbé, onílé tí Kọ́púrà ń gbé ilé rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí Àlàájì funfun bí òwú.

"Kọ́púrà, ìkúùkuu tó wà lójú omi yìí..."

"Tìrẹ ni. Èyí tí a gẹ̀ nígbà Ìtúnu."

Àlàájì wò ó títí. Ó fi ìka tọ́ka. "Fi díẹ̀ kún un lápá ibí."

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ Yunifásítì ò bẹ̀rù irun wọn mọ́. Ààyè ni wọ́n ń dù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tèmi ṣe ẹrẹ̀ o."

Bàbá yìí ti ṣe ṣọ́jà rí. Kọ́púrà ni wọ́n fi í sí, Kọ́púrà ló sì jẹ́. Ní Agbowó, bí ọjọ́ orí ọkùnrin bá ti ń lọ, àwọn ará àdúgbò á máa fún un ní oyè kún oyè. Wọ́n pè é ní Sájẹ́ǹtì, kò dáhùn. Wọ́n pè é ní Méjọ̀, ó ń rìn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sá tẹ̀ lé e títí dé ìdí gééètì Yunifásítì, ó ń ké pé, "Méjọ̀! Méjọ̀! Ẹ gbàgbé pọ́ọ̀sì yín!" Ó dúró, ó gba pọ́ọ̀sì, ó ní, "O ṣé. Ta ni Méjọ̀ yẹn? Bá mi kí i."

Bó ṣe rí nínú gbogbo nǹkan nìyẹn. Kò lè sọ ìtàn kan kó má padà sẹ́yìn lọ tún un ṣe. Á ní òjò rọ̀ kí àwọn tó jẹ ìrẹsì. Á dúró. Á gbé kílípà sókè, yóò máa dún lójú afẹ́fẹ́, ìdajì orí oníbàárà ti mọ́, ìdajì ṣì dúdú. Á ní, "Rárá. A ti jẹ ìrẹsì kí òjò tó rọ̀." Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ogun. Ọkọ ìyàwó kan béèrè. Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹbí ìyàwó ti ń wo ara wọn lójú.

Làìbéríà ni ó ti jagun. Àwọn méjì ló jọ lọ láti Ìbàdàn tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan ní bárákì, òun àti Bọ́láwárìn Àjàmú. Bọ́láwárìn lọ pọn omi létí odò kan ní ọ̀sán, ìbọn dún láti òdìkejì, ó ṣubú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ sínú igbó, wọ́n sin ín, wọ́n sì ní láti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, Kọ́púrà nìkan ló padà sí Ìbàdàn.

Ìyàwó Bọ́láwárìn ń jẹ́ Ọmọ́fẹ́. Mọ́níyà ló ń gbé, ilá ló ń gbìn. Wọ́n sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kú. Wọn ò sọ ibi tó wà. Nígbà tí Kọ́púrà dé, ó rò pé òun á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ á sì tán. Kò tán. Ìgbà kígbà tí Ọmọ́fẹ́ bá kó ilá wá sí Bódìjà, á yà sí Agbowó, á kúnlẹ̀ kí i, á jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

"Igbó ni. Igi pọ̀."

"Irú igi wo?"

"Igi ńlá."

"Ṣé oòrùn kì í pa á níbẹ̀?"

Kọ́púrà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Á fi ìyarun ya odò sórí tábìlì, á fi agolo pọ́dà ṣe òkè. Ọmọ́fẹ́ á máa mi orí. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ tí Bọ́láwárìn fi sílẹ̀ níkùn gbéyàwó, ìbéèrè náà ò yí padà. Ọjọ́ kan ni Ọmọ́fẹ́ wá sọ ọ́ ní gbangba.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀ ń sọ ọ́, mò ń gbọ́. Ojú mi ò rí i. Ẹni tó bá sin ọkọ rẹ̀ sílé, yóò jí láàárọ̀, yóò gbá ojú ibojì. Èmi ò mọ ibi tí n ó kọjú sí bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Kọ́púrà ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ ra pákó.

Dùgbẹ̀ ló ti ra àwọn ṣọ́jà. Ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n, oníke, wọ́n dì wọ́n sínú ọ̀rá. Ó tú ọ̀rá kan, ó tò wọ́n sórí àtẹ, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ń tà wọ́n ṣe sùúrù fún un.

"Bàbá, ṣé ti ọmọ-ọmọ yín ni?"

"Rárá. Èyí tó jókòó ni mo fẹ́."

"Kò sí èyí tó jókòó níbẹ̀, sà. Ṣọ́jà ni wọ́n. Ìjà ni wọ́n ń jà."

"Mo rí i. Gbogbo wọn ló ń yìnbọn. Ta ló wá ń se oúnjẹ?"

"Bàbá, ta ló ń jókòó lójú ogun?"

"O ti lọ sójú ogun rí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀. A jókòó títí ìdí fi ń ro wá. Ìbọn yíyìn ò tó nǹkan. Èyí tó dojú bolẹ̀ yìí, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń fàyà fà ni, sà."

"Pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí báyìí? Èèrà á wọ ibẹ̀."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Bàbá mi, èmi kọ́ ni mo ṣe wọ́n. Ṣáínà ni."

Kọ́púrà yọ fóònù. "Ó dáa. Fún mi ní nọ́ńbà wọn."

Nígbà tó yá, ó rà wọ́n. Ó gbé omi kaná, ó rẹ wọ́n sínú rẹ̀ títí wọ́n fi dẹ̀, ó wá ká wọn lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú wọn jókòó. Bó ti ń ká wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. "Jókòó. Ó ti tó. Ogun ti dáwọ́ dúró." Òyìnbó ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n dé. Ó kùn wọ́n ní dúdú, ó sì fún oníkálukú ní ojú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ sógun. Èyí tó kọlà nínú wọn, ó fi orí abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Àlàájì Suhail yọ jígí ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú, kò rí nǹkan kan.

"Kọ́púrà, ta ló máa rí ilà yìí?"

"Ẹni tó ni ín."

Ìjà tó le jù ni ti àjà ilé. Igi igbó yẹn ga. Kọ́púrà jókòó, ó rò ó: bí ènìyàn bá ga tó ìka ọwọ́, tí igbó sì wà lórí tábìlì, igi á kan àjà, á gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lọ bá Àlàájì níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá.

"Àlàájì, mo fẹ́ kí a yọ àjà yàrá mi."

"Ó ń jò ni?"

"Kò jò. Igi mi fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá."

Àlàájì gbé kẹ́tìlì omi sílẹ̀. "Kọ́púrà. Igbó ni ibí yìí tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ló ṣán an kó tó kọ́lé. Ìwọ wá fẹ́ dá a padà."

"Igi mẹ́rin péré ni."

"Gé wọn kúrú."

"Bí mo bá gé igi kúrú, àwọn ènìyàn á di òmìrán."

"Kí wọ́n di òmìrán! Ta ló máa mọ̀?"

"Ọmọ́fẹ́. Á rò pé igbó kékeré kan ni a ju ọkọ òun sí."

Àlàájì tún gbé kẹ́tìlì. Ó ṣe àlùwàlá tán, ó kírun tán, ó jáde. Kọ́púrà ṣì dúró síbi tó fi í sí.

"Gé ẹsẹ̀ tábìlì," ni Àlàájì wí.

Kọ́púrà ronú. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gé ẹsẹ̀ tábìlì kúrò pátápátá, igbó bọ́ sílẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí igi rẹ̀ kan àjà. Láti ìgbà náà, ó di dandan kó dojú bolẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wá gẹrun tí kò bá ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù, àtẹ́lẹsẹ̀ méjì ni yóò rí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àlejò kan rò pé ó ti kú, ó sá lọ pe àwọn ọlọ́pàá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sá. Wọ́n á fi ọwọ́ gbá àtẹ́lẹsẹ̀ náà, wọ́n á ní, "Kọ́púrà, ẹ padà wálé láti Làìbéríà, orí ń yún mi."

Àsìkò tí igbó náà ń gbèrú yìí ni ọ̀rọ̀ àpò irun ṣẹlẹ̀, tí gbogbo Agbowó fi wọlé wá wò ó. Gbogbo Agbowó rí i. Ọmọ́fẹ́ nìkan ni kò rí i. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Kọ́púrà á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á na apá méjèèjì.

"Kò tíì tán."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó ti tán."

"Àwọn wo? Àwọn tó ń gẹrun? Kí ni wọ́n mọ̀?"

Òótọ́ ni pé kò tán. Ibì kan ṣófo létí odò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Bọ́láwárìn sí. Igi kan wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Kọ́púrà ò sì rántí irú igi tó jẹ́. Òjò ń rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò, kò wòkè. Ó rántí bàtà gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀. Ó rántí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ já. Igi ni kò rántí.

Ó wá a kiri. Ó wọ inú ọgbà Yunifásítì níbi tí igi pọ̀ sí, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wòkè. Àwọn sìkọ́ríìtì sáré bá a.

"Bàbá! Bàbá! Kí ló ṣe yín?"

"Ẹ dákẹ́. Mò ń rántí."

Wọ́n gbé e, tòun ti ìbínú, wọ́n mú un lọ bá Dókítà Ìrẹ̀mídé, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa igi níbẹ̀. Kò lé e. Ó fi omi fún un, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì fi àwòrán igi tó máa ń wà nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ hàn án lórí fóònù. Kọ́púrà ń mi orí sí gbogbo wọn.

"Bàbá, nínú gbogbo èyí tí a wò yìí, mẹ́ta ló jọ ohun tí ẹ̀ ń wí. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀."

"Mo lè mú ọ̀kan. Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, sà."

"Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ni Kọ́púrà wí. "Bí ẹni pé èmi kì í ṣe ènìyàn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti rìn lọ sí igbó kan, á kó èèpo igi àti ewé gbígbẹ wá fún un. Ibi tó ṣófo ṣì ṣófo.

Nígbà tó ṣe, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò lè dojú bolẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo igbó láti òkèèrè, ó ń mí bí ẹni gun òkè. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn sọ ohun tí wọ́n sọ. Àlàájì Suhail kò bi í bóyá kí òun pe Ọmọ́fẹ́. Ó ránṣẹ́ sí Mọ́níyà.

Ọmọ́fẹ́ dé. Kọ́púrà fẹ́ dìde lọ dí ọ̀nà, ẹsẹ̀ kò gbé e.

"Ìyàwó, mo ní kò tíì tán."

"Ẹ̀yin náà ò tíì tán. Ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀. Kọ́púrà rò pé ó ń kí òun ni. Ó ní, "Dìde, ó ti tó." Kò dìde. Igbó ló ń wò. Ó wò ó títí Àlàájì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi wá ibi jókòó.

"Èwo ni òun nínú wọn?"

"Kò sí lára wọn. Ibi tó ṣófo yẹn ni."

"Ibo ni ẹ gbé e gbà?"

Kọ́púrà na ìdí ìyarun sí i. Láti etí odò. Ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn. Abẹ́ ìtàkùn yẹn. Wọ́n yà níbí nítorí ẹrẹ̀.

"Ta ló gbé apá ibi orí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ rọra gbé e?"

"A rọra."

Ọmọ́fẹ́ fi gèlè nu ojú. "Kí ló dé tí ibẹ̀ fi ṣófo?"

"Igi kan wà níbẹ̀. N ò rántí irú rẹ̀. N ò ní purọ́ fún ọ."

"Ṣé ó ní ìbòòji?"

"Ó ní. Òjò ń rọ̀, kò kán sí wa lára tó bẹ́ẹ̀." Kọ́púrà kò tíì rántí ìyẹn rí láti ọjọ́ tó ti ń sọ ọ́.

"Ó dáa," ni Ọmọ́fẹ́ wí. "Ẹ bá mi fi àgbálùmọ̀ síbẹ̀."

"Àgbálùmọ̀ kẹ̀? Ọmọ́fẹ́, kò sí àgbálùmọ̀ nínú igbó yẹn."

"Abẹ́ àgbálùmọ̀ bàbá mi ló ti kọ́kọ́ wá dẹnu kọ mí. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń jẹ ẹ́ kí ojora náà lè lọ. Ó jẹ ẹ́ títí oje fi lẹ ètè rẹ̀ pọ̀, kò lè sọ ohun tó bá wá mọ́. Èmi ni mo bá a sọ ọ́."

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́púrà ò rẹ́rìn-ín. "Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo ní kò sí i níbẹ̀."

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí."

Kọ́púrà la ẹnu. Àlàájì sún mọ́ ọn kí òun lè gbọ́ èsì náà dáadáa, torí ọkùnrin yìí ti bá Dùgbẹ̀ jà, ó bá Yunifásítì jà, ó bá àjà ilé jà. Kọ́púrà pa ẹnu dé. Nígbà tó tún là á, ohun tó sọ ni, "Èso rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kó ti pọ́n?"

"Kó pọ́n."

Orí ibùsùn ló ti ṣe igi náà. Ọmọ́fẹ́ jókòó tì í, ó ń bá a di àwọn ẹ̀ka mú. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe èso, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ osùn. Àárẹ̀ ò mú ìjà kúrò lẹ́nu Kọ́púrà. Á gbé ẹyọ kan sókè wò, á jù ú nù.

"Èyí tóbi jù. Bó bá já lé e lórí, á jí i."

"Kó jí i," ni Ọmọ́fẹ́ wí.

Kọ́púrà wò ó. Ó tẹ̀ síwájú, ó wá ọkà náà nílẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka.

Ọmọ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé igi náà síbi tó ṣófo. Ó fi ọwọ́ gbá ojú ilẹ̀ yẹn, bí ẹni ń gbá àgbàlá. Kọ́púrà ní kó yí igi náà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Ó yí i. Kọ́púrà ní ó tó.

Kò pẹ́ sí i tí Kọ́púrà fi kú. Ó ti sọ pé kí wọ́n gbé igbó náà fún Ọmọ́fẹ́. Wọ́n fa igi yọ, wọ́n dì wọ́n sínú aṣọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó náà ò gba ẹnu ọ̀nà yàrá jáde. Ẹnì kan ní kí wọ́n gé e sí méjì. Àlàájì Suhail, tó kọ̀ láti yọ àjà, bi í léèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Ó lọ pe bíríkìlà, wọ́n fọ́ ògiri. Ọkọ̀ gbé igbó jáde ní Agbowó, ó gba Ọ̀jọ́ọ̀ lọ sí Mọ́níyà. Àwọn ènìyàn dúró létí títì, wọ́n ń ṣí fìlà.

Ṣọ́ọ̀bù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn tó ń gẹrun ti wá ibòmíràn lọ, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà tí wọ́n sì ń yára. Wọ́n ní ó dára níbẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń dá ènìyàn dúró níbẹ̀, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ pa orí bí wọ́n bá sọ ọ́ tán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ń ká Àlàájì lára jù, á kó àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù sínú ọkọ̀, wọ́n á lọ sí Mọ́níyà. Inú pálọ̀ Ọmọ́fẹ́ ni igbó náà wà, ó fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó nítorí eruku. Ní ìgbà tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, wọ́n rí i pé ṣọ́jà kan ti dúró lábẹ́ àgbálùmọ̀. Òun nìkan ni wọn ò kùn. Ojú rẹ̀ funfun, ó dúró ṣánṣán, ó ń na ìbọn sí ojú ọ̀run.

"Ẹ̀gbọ́n ni yẹn," ni Ọmọ́fẹ́ wí. "Mo rí i nínú àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá. Mi ò fẹ́ kí ọkọ mi nìkan máa dá wà níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin náà wò ó. Ṣọ́bìrì ló wà lọ́wọ́ Kọ́púrà lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bọ́láwárìn, kì í ṣe ìbọn. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ó sọ ọ́ fún wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi gègé ya ṣọ́bìrì náà.

"Ó jọ ọ́ gan-an," ni Àlàájì wí.

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń retí pé kí ẹnì kan sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ́fẹ́ fa àwọ̀n padà bò wọ́n, ó lọ gbé omi wá.